Àmì kì í ṣe ẹ̀rí: ọ̀rọ̀ òkúta alámì tóótòòtó tí wọ́n rí ní Máàsì

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ káàkiri ìlú Ìbàdàn, láti ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀ títí dé inú mọ́tò tó ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí ohun abẹ̀mí ní Máàsì, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì pupa nì. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìbejì mi ń lọ, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ènìyàn gan-an ni wọ́n rí níbẹ̀, pé ìjọba wọn ló ń fi í pamọ́. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé irọ́ funfun báláú ni, pé kò sí ọkọ̀ kankan tó dé ibẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì ló ṣì í sọ. Ohun tí wọ́n rí kéré gan-an sí ènìyàn, ó sì tóbi púpọ̀ ju irọ́ lọ, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sọ ọ́ bí ó ṣe rí, nítorí pé ó dùn mọ́ni tó láìjẹ́ pé a bù mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí Joel Hurowitz ti Yunifásítì Stony Brook ní Amẹ́ríkà ṣe aṣáájú rẹ̀. Ìwádìí náà dá lórí òkúta kan tí ọkọ̀ Perseverance pàdé ní oṣù Keje ọdún 2024. Perseverance jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rán an kúrò láyé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje ọdún 2020, ó sì gúnlẹ̀ sí Máàsì ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 2021. Ó tóbi tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì wúwo ju kìlógíráàmù 1,000 lọ. Nígbà tí Máàsì bá jìnnà sí wa jù lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọkọ̀ náà máa ń lò tó ìṣẹ́jú 22 lójú ọ̀nà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè máa darí rẹ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ bí ẹni ń wa mọ́tò. Wọn a kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, wọn a fi ránṣẹ́, wọn a sì dúró de ohun tí yóò padà sọ.

Ibi tí wọ́n mú un gúnlẹ̀ sí kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ṣèèṣì já sí. Kòtò ńlá kan ni, Jezero ni orúkọ rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 45, òkúta tó já láti òfuurufú ló sì gbẹ́ ẹ. Ní ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, omi kún kòtò náà, ó di adágún, odò kan sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí odò Ọ̀nà ti ń wọ adágún Ẹ̀lẹ́yẹlé níhìn-ín á ti mọ ohun tí irú odò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń sáré, á máa gbé yanrìn àti ẹrẹ̀ lọ. Bí ó bá ti dé inú adágún, agbára rẹ̀ á dínkù, ẹrẹ̀ á rọra jókòó sí ìsàlẹ̀, ìpele lórí ìpele, á sì bo ewé, ẹja àti ohunkóhun tó bá kú síbẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún, ẹrẹ̀ yẹn á le, á di òkúta. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá ohun abẹ̀mí àtijọ́ fi máa ń wá òkúta tó ti jẹ́ ẹrẹ̀ rí, tí kì í sì í da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú òkúta tí òkè oníná pọ̀ jáde.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Perseverance rí ní etí ipa odò àtijọ́ náà, èyí tí wọ́n sọ ní Neretva Vallis. Wọ́n sọ òkúta náà ní Cheyava Falls. Ó gùn tó mítà kan, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Ara rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn àmì kéékèèké tí kò ju orí ìṣó lọ kún ara rẹ̀: àárín wọn funfun, etí wọn dúdú. Àwọn onímọ̀ náà wò ó títí, wọ́n ní ó jọ àwọ̀ àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn ẹ̀rọ tó wà ní apá ọkọ̀ náà, èyí tí ọ̀kan nínú wọn ń lo ìtànṣán X-ray tí èkejì sì ń lo ìmọ́lẹ̀ lésà, yẹ ara àmì wọ̀nyí wò. Wọ́n rí i pé irin àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ ní etí dúdú náà lọ́nà tó bá èròjà kan tí ń jẹ́ vivianite mu, pé irin àti imí-ọjọ́ ló wà ní àárín, tó bá èyí tí ń jẹ́ greigite mu, àti pé ohun tó ní kábọ́ọ̀nù nínú, èròjà tó wà lára gbogbo ohun abẹ̀mí, wà nínú ẹrẹ̀ tó yí wọn ká.

Orúkọ wọ̀nyí lè dà bí ohun àjèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí wọn kò jìnnà sí wa. Nígbà tí a ń gbẹ́ kànga sí ilé wa ní Àkọ̀bọ̀, bàbá agbẹ́kànga pè mí wá sí ẹnu ihò. Ilẹ̀ pupa tó kọ́kọ́ ń kó jáde ti tán. Amọ̀ tó wá ń jáde ní àwọ̀ méjì, ó pupa, ṣùgbọ́n àmì funfun àti aláwọ̀ eérú kún inú rẹ̀ tóótòòtó. Bàbá ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn yín balẹ̀, omi ò jìnnà mọ́. Ibi tí omi bá ti ń wá tó ń lọ ni ilẹ̀ ti máa ń ya àwọ̀ báyìí.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ. Ìpẹtà irin ló ń mú kí ilẹ̀ wa pupa, bí ó ṣe mú kí òrùlé páànù tí ènìyàn ń rí láti orí Òkè Màpó pupa, bí ó sì ṣe mú kí Máàsì fúnra rẹ̀ pupa. Bí omi bá bo ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé mọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ilẹ̀ kì í tìtorí ìyẹn kú. Wọn a ṣì máa jẹ ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà, ṣùgbọ́n dípò ọ́síjìn tí àwa ń mí sínú, ìpẹtà irin ni wọn yóò máa fi ṣe èémí. Irin tí wọ́n bá ti lò báyìí kì í pupa mọ́. Á yòrò sínú omi, á kúrò níbi tó wà, ojú ibẹ̀ á sì di funfun.

Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n ń fi èròjà imí-ọjọ́ inú omi ṣe èémí tiwọn. Iṣẹ́ wọn ni ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí a máa ń rí nínú gọ́tà tí omi rẹ̀ kò ṣàn àti ní bèbè Ògùnpa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Irin tó bá pàdé imí-ọjọ́ nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń di dúdú, greigite sì wà lára ohun tó lè jáde níbẹ̀. Vivianite náà kò ṣọ̀wọ́n ní ayé: inú ẹrẹ̀ àbàtà ni wọ́n ti ń rí i, àti ní ẹ̀gbẹ́ ohun tó ti kú tó ń jẹrà. Nítorí náà, nígbà tí onímọ̀ nípa òkúta bá rí irin tó ti padà kúrò ní ìpẹtà, tó rí imí-ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tún rí kábọ́ọ̀nù tó lè jẹ́ oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ adágún kan ṣoṣo, kò lè ṣe kí ọkàn rẹ̀ má fò sókè. Ká ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti rí òkúta yẹn, èrò àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá ní ni pé kòkòrò àìfojúrí ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ tiwa. Ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ wa ti rọra nìyí, àwọn tó kọ ìwádìí náà pàápàá sì rọra níbẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ pé àwọn rí ohun abẹ̀mí. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn rí àmì tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ohun abẹ̀mí, tó sì nílò ìwádìí sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú èròjà kan náà lè jáde láìsí ohun abẹ̀mí kankan. Ooru tó ga ju ti omi tó ń hó lọ dáadáa lè mú kí imí-ọjọ́ yí padà bẹ́ẹ̀, omi tó kan gógó bí ásíìdì sì lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Wọ́n wo òkúta náà bóyá ó ti jóná rí, wọn kò rí àpẹẹrẹ pé ooru líle kọjá lára rẹ̀, èyí ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo tó báyìí. Síbẹ̀, pé a kò mọ ọ̀nà mìíràn kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Máàsì ti ní bílíọ̀nù ọdún láti dán àwọn nǹkan wò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú yàrá ìwádìí. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ tó wà ní NASA dábàá òṣùwọ̀n onípele méje fún irú ọ̀rọ̀ báyìí: rírí àmì ni ìpele àkọ́kọ́, ìpele tó ṣòro jù lójú tèmi ni ìkẹrin, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ohun aláìlẹ́mìí kan tí a mọ̀ tó lè ṣe irú àmì bẹ́ẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti rí i. Kò sí ẹni tó lè parí ìyẹn láti òkèèrè pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà ní apá ọkọ̀ kan.

Ìṣọ́ra yìí kì í ṣe ojo. Ìtàn ló kọ́ wọn. Ní ọdún 1976, NASA gbé ọkọ̀ méjì, Viking 1 àti Viking 2, kalẹ̀ sí Máàsì, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nítorí wíwá ohun abẹ̀mí nìkan. Nínú ìdánwò tí Gilbert Levin ṣe aṣáájú rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ Máàsì díẹ̀, wọ́n kán omi olóúnjẹ sí i, oúnjẹ náà sì ní kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi àmì sí lára kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ìrònú wọn rọrùn: bí ohun kan bá wà nínú erùpẹ̀ náà tó jẹ oúnjẹ yìí, yóò tú gáàsì jáde, kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi àmì sí yóò sì wà nínú gáàsì náà. Gáàsì jáde lóòótọ́, kíá báyìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan erùpẹ̀ náà nínú ooru líle kí wọ́n tó kán oúnjẹ sí i, gáàsì kò jáde mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí iná ti pa ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo bí inú wọn yóò ṣe dùn tó! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn nínú ọkọ̀ kan náà wá ohun tó ní kábọ́ọ̀nù bíi ti ara ohun abẹ̀mí nínú erùpẹ̀ yẹn, kò sì rí nǹkan tó dá a lójú. Ta ló wá jẹ oúnjẹ nígbà tí kò sí òkú, tí kò sí alààyè?

Ó di ọdún 2008 kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ mìíràn, Phoenix, rí i pé iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní perchlorate wà nínú erùpẹ̀ Máàsì. Bí a bá fi iná sí iyọ̀ yìí, á jó ohun tó ní kábọ́ọ̀nù dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, yíyan erùpẹ̀ ni ẹ̀rọ Viking fi ń wá kábọ́ọ̀nù náà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ yẹn lè ti jó ohun tó ń wá run kó tó rí i. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìtànṣán tó ń rọ̀ lé Máàsì bá ti bà á lára, tún lè tú gáàsì jáde láti inú oúnjẹ láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Levin dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ohun abẹ̀mí ni àwọn rí, títí ó fi kú ní ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìdánwò tó gbọ́n jù lọ lè fún ènìyàn ní ìdáhùn tí kò yé e bí kò bá tíì mọ irú ilẹ̀ tó ń bi ní ìbéèrè.

Ìgbà kejì ni ọdún 1996, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní NASA kéde pé àwọn rí ohun tó jọ òkú kòkòrò àìfojúrí nínú òkúta Máàsì kan tí wọ́n ṣà lórí yìnyín Antarctica ní ọdún 1984. Ààrẹ Bill Clinton fúnra rẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn mìíràn ti fi hàn pé ohun aláìlẹ́mìí lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú àmì tí wọ́n tọ́ka sí.

Bí òkúta Máàsì ṣe ń dé ayé kò ṣe àjèjì sí Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Katsina, nígbà tí òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run tó sì gúnlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ibi tó dúró sí. Ó wúwo tó kìlógíráàmù 18. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé Máàsì ló ti wá, nítorí pé gáàsì tó há sínú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ Máàsì mu. Òkúta mìíràn ló ti gbá Máàsì nígbà kan, tó sì ta á dànù sí òfuurufú. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò gbọ́ orúkọ Zagami rí ní kíláàsì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ ọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n òkúta Zagami kò lè dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀ yìí. Inú òkè oníná ni wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti já sí ayé, nítorí pé òkúta líle ló ń la irú ìgbájáde bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹrẹ̀ adágún tó di òkúta rọ̀ jù fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ ẹ, àfi kí a lọ gbé e.

Wọ́n sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024 kan náà, Perseverance fi ẹ̀rọ lu ihò sára Cheyava Falls, ó yọ ègé òkúta kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbà, ó fi í sínú ọ̀pá irin, ó sì dé e pinpin. Wọ́n sọ ègé náà ní Sapphire Canyon. Ìdajì kejì ló ṣòro. Ètò tí NASA àti àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù jọ ṣe ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kan yóò gbéra láti orí Máàsì pẹ̀lú àwọn ọ̀pá náà, tí ọkọ̀ mìíràn yóò sì gbà wọ́n lójú òfuurufú wá sí ayé. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó tíì gbéra láti orí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn rí. Ní ọdún 2024, NASA fúnra rẹ̀ sọ pé owó ètò náà lè tó bílíọ̀nù 11 dọ́là, pé àwọn òkúta náà sì lè má dé kí ó tó di ọdún 2040. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n fagi lé ètò náà. Owó náà pọ̀, n kò ní sọ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti gbà pé ènìyàn yóò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rí ohun tó ti ń wá láti àádọ́ta ọdún, yóò dì í sínú ọ̀pá, yóò sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí yàrá ìwádìí ní ayé lè ṣe tí ọkọ̀ kò lè ṣe pọ̀. Wọ́n lè gé òkúta náà wẹ́wẹ́, kí wọ́n wo ojú àmì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju Perseverance fúnra rẹ̀ lọ. Oríṣi kábọ́ọ̀nù wà tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo díẹ̀. Ohun abẹ̀mí ní ayé máa ń fẹ́ràn èyí tó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí pẹ̀lú irin àti imí-ọjọ́. Bí wọ́n bá wọn ìyàtọ̀ yìí nínú àmì tóótòòtó náà, àlàyé kan lè borí èkejì. Bí yàrá kan bá sì parí tirẹ̀, yàrá mìíràn ní ilẹ̀ mìíràn lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò jókòó. Ṣáínà fẹ́ rán Tianwen-3 lọ ní nǹkan bí ọdún 2028 láti lọ bu ilẹ̀ Máàsì wá sílé ní nǹkan bí ọdún 2031, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọn yóò ti bù ú. Ọkọ̀ Yúróòpù tí ń jẹ́ Rosalind Franklin, tí wọ́n ń retí pé yóò gbéra ní ọdún 2028, ní ẹ̀rọ tó lè gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó mítà méjì. Jíjìn yẹn ṣe pàtàkì. Máàsì kò ní agbára òòfà bíi ti ayé tó lè dáàbò bò ó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, nítorí náà ìtànṣán láti òfuurufú ń rọ̀ lé orí ilẹ̀ rẹ̀ láìdúró, ó sì ń fọ́ ohun tó ní kábọ́ọ̀nù sí wẹ́wẹ́. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ló ní ìrètí pé yóò pẹ́.

Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń fọ̀ ní àfọ̀tán kí wọ́n tó gbéra, nítorí àdéhùn ọdún 1967 lórí òfuurufú, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, sọ pé kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe kó ìdọ̀tí ayé lọ ba ibòmíràn jẹ́. Bí kòkòrò kan bá tẹ̀lé wa débẹ̀, tiwa ni a óò lọ rí tí a óò máa pè ní tiwọn.

Ní báyìí, ọ̀pá Sapphire Canyon ṣì wà nínú Perseverance, ọkọ̀ náà sì ti kúrò nínú kòtò Jezero, ó ń rìn lórí ilẹ̀ tó dàgbà ju ẹrẹ̀ adágún náà lọ, ó ń gbé e káàkiri. Àwọn ìbejì mi bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ohun tó wà nínú ọ̀pá náà lè bàjẹ́ kí wọ́n tó lọ gbé e. Mo ní kò rọrùn kó bàjẹ́: wọ́n ti dé e pinpin, òtútù ibẹ̀ pọ̀, ó sì ti dúró ju bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún lọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.